Ojú ni Alákàn fi ń Ṣọ́ Orí: Iṣẹ́ Patsy Mink Lórí Eré Ìdárayá Àwọn Ọmọbìnrin ní Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà

Òfin kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí àwọn obìnrin eléré ìdárayá máa ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń ki baba ńlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ka gbólóhùn tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ òfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní rí eré sísá, kò ní rí bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ìdárayá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ 37 péré ni gbólóhùn náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí pé ènìyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin yọ ọ́ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ tí owó ìjọba àpapọ̀ bá wà nínú rẹ̀, kí ó fi àǹfààní ètò náà dù ú, tàbí kí ó yàn án ní ìpọ̀sì níbẹ̀. Title IX ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ òfin náà sí, nítorí pé òun ni ìpín kẹsàn-án nínú Òfin Àtúnṣe Ètò Ẹ̀kọ́ tí Ààrẹ Richard Nixon fi ọwọ́ sí ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, ọdún 1972.

Ní ọdún ẹ̀kọ́ 1971 sí 1972, àwọn ọmọbìnrin tí ó ń ṣe eré ìdárayá fún ilé ẹ̀kọ́ gírámà wọn ní gbogbo Amẹ́ríkà jẹ́ 294,015. Àwọn ọmọkùnrin jẹ́ 3,666,917. Èyí ni pé ọmọbìnrin kan ni ó wà fún ọmọkùnrin méjìlá. Nígbà tí yóò fi di ọdún ẹ̀kọ́ 2018 sí 2019, iye àwọn ọmọbìnrin ti ju 3,400,000 lọ. Báwo ni òfin tí kò dárúkọ eré ìdárayá ṣe wá yí eré ìdárayá orílẹ̀-èdè padà tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú gbólóhùn náà nìkan. Ó wà nínú iṣẹ́ tí àwọn aṣòfin ṣe lẹ́yìn tí ààrẹ ti fi ọwọ́ sí i tán, nígbà tí àwọn alágbára ń wá ọ̀nà láti sọ ọ́ di asán. Nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà, Patsy Mink ti Hawaii wà ní iwájú.

Ta ni Patsy Mink?

Ní ọjọ́ 6, oṣù Kejìlá, ọdún 1927 ni a bí Patsy Matsu Takemoto ní ìlú Pāʻia, ní erékùṣù Maui, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Hawaii. Ilẹ̀ Jàpáànì ni àwọn òbí rẹ̀ àgbà ti wá, ní àkókò tí àwọn olóko ìrèké ń kó òṣìṣẹ́ wọ Hawaii láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni bàbá rẹ̀ ń ṣe.

Iṣẹ́ dókítà ni ọmọbìnrin yìí fi ọkàn sí. Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii ní ọdún 1948, ó kọ ìwé sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gbà á. Àyè tí irú àwọn ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń fi sílẹ̀ fún obìnrin nígbà náà kò tó nǹkan. Ó yà sí ẹ̀kọ́ òfin, ó sì gba oyè ní Yunifásítì Chicago ní ọdún 1951. Nígbà tí ó padà sí Hawaii, àwọn ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò kò fẹ́ gbà á, nítorí pé ó jẹ́ abilékọ tí ó ní ọmọ lọ́wọ́. Ó dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, láti ibẹ̀ ni ó sì ti bọ́ sínú ìṣèlú. Ní ọdún 1964, àwọn ará Hawaii dìbò yàn án sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Washington. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun tí a yàn sí ilé náà. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, wọ́n fi í sí ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́.

Ìrírí wọ̀nyí fi hàn án pé kì í ṣe gbogbo ìlẹ̀kùn tí a tì mọ́ obìnrin ni a ń kọ nǹkan sí lára. Kò sí òfin kan tí ó sọ pé obìnrin kò gbọdọ̀ di dókítà; àṣà àwọn tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe òfin tí yóò ká àwọn onílẹ̀kùn lọ́wọ́ kò.

Bí òfin náà ṣe dáyé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tí ó ní igba ni òun gbìn, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Patsy Mink nìkan ni ó ṣe òfin náà. Edith Green, aṣojú láti ìpínlẹ̀ Oregon, ni ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ kékeré tí ó pe àwọn ẹlẹ́rìí jọ ní ọdún 1970 láti gbọ́ bí a ṣe ń yan obìnrin jẹ ní ilé ẹ̀kọ́. Birch Bayh, sẹ́nétọ̀ láti ìpínlẹ̀ Indiana, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà ró ní Ilé Aṣòfin Àgbà. Mink jókòó nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́, ó sì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Green láti fi ìdí àbá náà múlẹ̀ ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Ọwọ́ mẹ́ta ni ó gbé igbá náà dé orí.

Ohun tí ó ń jẹ àwọn ẹlẹ́rìí lọ́kàn nígbà náà ni bí yunifásítì ṣe ń dí iye obìnrin tí yóò wọlé kù, àti bí owó oṣù olùkọ́ obìnrin ṣe ń kéré sí ti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Eré ìdárayá kò gba àyè púpọ̀ nínú àríyànjiyàn náà. Ìdí nìyí tí òfin náà fi kọjá láìsí ariwo púpọ̀. Àwọn tí ìbá ta kò ó nítorí bọ́ọ̀lù kò tètè mọ̀ pé ó kan àwọn.

Ìdí tí òfin ẹ̀kọ́ fi di òfin eré

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé, ẹgbẹ́ eléré àti ìjọba ni ó ń tọ́ àwọn eléré dàgbà. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀kọ́ ni. Láti ilé ẹ̀kọ́ gírámà ni ọmọ ti ń wọ ẹgbẹ́ eléré. Yunifásítì ni ó ń fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, olùkọ́ni, pápá àti dókítà, kí ó lè sáré tàbí kí ó gbá bọ́ọ̀lù lórúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà yìí gbà, ọ̀nà mìíràn kò wọ́pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan, àti pé díẹ̀ ni yunifásítì aládàáni, tí kò gba owó ìjọba àpapọ̀ lọ́nà kan tàbí òmíràn. Nítorí náà, bí òfin bá ti sọ pé kò gbọdọ̀ sí ojúsàájú nínú ètò ẹ̀kọ́ tí owó ìjọba wà nínú rẹ̀, ó ti wọ inú pápá eré láìjẹ́ pé ó dárúkọ rẹ̀.

Ipò tí òfin náà bá àwọn ọmọbìnrin kò dára rárá. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré ìdárayá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí fún wọn ní yunifásítì. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọbìnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù-sáwọ̀n kò gbọdọ̀ sáré kọjá ìdajì pápá, nítorí ìgbàgbọ́ pé eré àsápajúdé yóò ba ara wọn jẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé ó lè ba ilé ọmọ jẹ́. Ọdún 1972 yìí kan náà ni àwọn tí ń ṣe eré ìje ọ̀nà jíjìn ti Boston tó gba obìnrin láyè lábẹ́ òfin wọn, nígbà tí eré náà ti pé ọdún 75 tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìdárayá tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti gbogbo ọmọ ti di ohun tí a ń fún ọmọkùnrin ní àwo, tí a sì ń fún ọmọbìnrin ní ìpápánu.

Ogun tí ó tẹ̀lé ìfọwọ́sí

Nígbà tí àwọn alákòóso eré ní yunifásítì rí ibi tí òfin náà ń lọ, wọ́n dìde. Ẹ̀rù tí ó bà wọ́n jù ni ti bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn ọkùnrin ń gbá mọ́ àyà sáré, tí ó sì ń gba owó púpọ̀, tí ó tún ń pa owó wọlé fún àwọn yunifásítì ńlá. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1974, Sẹ́nétọ̀ John Tower láti Texas mú àbá wá pé kí a yọ eré tí ń pa owó wọlé kúrò lábẹ́ òfin náà. Ilé Aṣòfin Àgbà gbà á, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aṣojú ilé méjèèjì jókòó pọ̀, wọ́n yọ ọ́ dànù. Èyí tí Sẹ́nétọ̀ Jacob Javits láti New York dá ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Àbá Javits ní kí ìjọba ṣe ìlànà fún eré yunifásítì, kí ìlànà náà sì wo bí irú eré kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Ó gbà pé aṣọ eré kan lè wọ́n ju ti òmíràn lọ, ṣùgbọ́n kò yọ eré kankan kúrò lábẹ́ òfin.

Ní ọdún 1974 yìí kan náà ni àbá mìíràn tí Mink fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ di òfin, ìyẹn Òfin Ìdọ́gba Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Obìnrin. Walter Mondale ni ó gbé e ní Ilé Aṣòfin Àgbà. Òfin yìí pèsè owó láti tún ìwé kíkà ṣe, láti kọ́ àwọn olùkọ́, àti láti mú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀kọ́ ìdárayá obìnrin gbòòrò sí i. Billie Jean King, ògbóǹtarìgì eléré tẹ́níìsì, wá jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀ lórí àbá náà ní ọdún 1973, nígbà tí òkìkí rẹ̀ ń kàn nítorí pé ó ti borí Bobby Riggs nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ọgbọ́n Mink hàn nínú òfin méjèèjì: èkíní sọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ ṣe, èkejì fún un ní owó láti fi ṣe ohun tí ó yẹ.

Ọdún 1975 ni ìdánwò ńlá dé. Ilé Iṣẹ́ Ìjọba fún Ìlera, Ẹ̀kọ́ àti Ìgbáyégbádùn ti kọ ìlànà tí yóò mú òfin náà ṣiṣẹ́, Ààrẹ Gerald Ford sì fi ọwọ́ sí i ní oṣù Karùn-ún. Àwọn aṣòfin ní ọjọ́ 45 láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì dá a padà bí wọ́n bá fẹ́. Nínú oṣù Kẹfà, ìgbìmọ̀ kékeré kan ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, tí James O'Hara láti Michigan jẹ́ alága rẹ̀, gbọ́ ẹjọ́ lórí rẹ̀. Àwọn alákòóso eré wá kéde pé bọ́ọ̀lù yóò kú. Mink àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ kan: owó orí ti ọkùnrin ti obìnrin ni ìjọba fi ń ran ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, nítorí náà, àǹfààní rẹ̀ kò lè jẹ́ ti ọkùnrin nìkan. Ìlànà náà là á já, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 21, oṣù Keje. Wọ́n fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan, wọ́n sì fún ilé ẹ̀kọ́ gírámà àti yunifásítì ní ọdún mẹ́ta, kí wọ́n fi tún ètò eré wọn ṣe.

Ṣùgbọ́n ní àkókò yìí kan náà, ìjà kan ń lọ ní ìkọ̀kọ̀ inú òfin ìnáwó. Robert Casey, aṣojú láti Texas, ti fi àbá kan há inú rẹ̀ pé ìjọba kò gbọdọ̀ tìtorí pé ilé ẹ̀kọ́ ya ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin sọ́tọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìdárayá dá owó rẹ̀ dúró. Ẹni tí kò bá fi ara balẹ̀ lè rò pé ohun kékeré ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dídá owó dúró ni ohun pàtàkì tí ìjọba lè fi bá ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá rú òfin náà wí. Bí a bá ti gba agbára yẹn kúrò, àdá tí kò mú ni òfin náà yóò dà, àdá tí kò mú kò sì ṣe é fi ṣán oko. Bí wọ́n bá lè yọ ẹ̀kọ́ ìdárayá lónìí, wọn yóò yọ bọ́ọ̀lù lọ́la.

Ilé Aṣòfin Àgbà ti yọ àbá Casey. Ó ku kí Ilé Aṣojú-ṣòfin gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje, ọdún 1975, Mink wà nínú ilé náà, ó ń darí àwọn tí ó fẹ́ kí àbá náà kú, nígbà tí ìròyìn dé bá a pé ọkọ̀ ti ṣe ọmọbìnrin rẹ̀ ní jàǹbá ní ìpínlẹ̀ New York, àti pé ọ̀rọ̀ náà le. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí nìyí. Ó dìde, ó lọ bá ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, ìbò kan ṣoṣo ni apá tirẹ̀ fi pàdánù, 211 sí 212. Ìbò rẹ̀ gan-an ni kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Carl Albert, tí ó jẹ́ olórí ilé náà, àti àwọn aṣojú mìíràn ṣe àlàyé ohun tí ó gbé Mink jáde, wọ́n sì ní kí a tún ìbò náà dì. Nínú oṣù kan náà ni wọ́n tún un dì, ìbò 215 sí 178 ni àbá Casey sì fi ṣubú. Ọmọ náà yè, òfin náà sì yè pẹ̀lú rẹ̀.

Bí àwọn mìíràn ṣe gba ìṣọ́

Mink kúrò ní Ilé Aṣojú-ṣòfin ní ọdún 1977, lẹ́yìn tí ó ti du ipò sẹ́nétọ̀ tí kò rí i gbà. Nígbà tí kò sí níbẹ̀, òfin náà tún fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ní ọdún 1984, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga Grove City pé ẹ̀ka tí owó ìjọba bá wọ̀ gan-an nìkan ni òfin náà dè, kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Owó ìjọba kì í sábà wọ ẹ̀ka eré tààrà. Nítorí náà, ìdájọ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ lé eré ìdárayá jáde pátápátá. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ó gba àwọn aṣòfin kí wọ́n tó tún un ṣe. Ní oṣù Kẹta, ọdún 1988, wọ́n ṣe òfin pé bí owó ìjọba bá ti wọ ẹ̀ka kan, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà ni òfin dè. Ààrẹ Ronald Reagan kọ̀ láti fi ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ilé méjèèjì fi ìbò wọn borí ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀.

Mink padà sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní ọdún 1990, ibẹ̀ ni ó sì wà títí tí ó fi kú ní Honolulu ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn aṣòfin fi orúkọ rẹ̀ sọ òfin náà. Ní ọdún 2014, Ààrẹ Barack Obama fi Àmì Ẹ̀yẹ Òmìnira ti Ààrẹ dá a lọ́lá lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ibi tí òfin náà ti kan ọmọ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn 37 náà yẹ fún àkíyèsí. Kò sọ pé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wà ní Amẹ́ríkà ni ó sọ. Nígbà tí yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí fún obìnrin ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré, àǹfààní náà kọjá òkun. Falilat Ogunkoya, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, sáré fún Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Mississippi. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Atlanta ní ọdún 1996, ó gba àmì idẹ nínú eré 400 mítà, ó sì wà lára àwọn mẹ́rin tí ó gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré 400 mítà alápapọ̀. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sáré fún Yunifásítì Texas ní El Paso, ó sì gba ipò kìn-ín-ní láàrin gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà nínú eré 100 mítà tí a ń fo igi ní ọdún 2017. Ní oṣù Keje, ọdún 2022, ní Eugene, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá eré náà, èyí tí obìnrin kankan kò tíì sá rí ní ayé títí di ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ni ó sáré. Kò sí aṣòfin tí ó lè sáré fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìbò tí a dì ní Washington nígbà tí a kò tíì bí Amusan wà lára ohun tí ó la ọ̀nà tí ó gbà.

Ohun tí ó kù

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí òfin náà. Àwọn yunifásítì kan pa ẹgbẹ́ ìjàkadì àti àwọn eré ọkùnrin mìíràn tì, wọ́n sì ní òfin ni ó fà á. Àwọn tí ń gbèjà òfin dáhùn pé ìnáwó bọ́ọ̀lù ńlá ni ó jẹ owó náà. Àbùkù mìíràn kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn: ní ọdún 1972, ó ju 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ́ obìnrin ní yunifásítì tí obìnrin ń kọ́, nígbà tí owó wọ iṣẹ́ náà, ọkùnrin wọ inú rẹ̀, iye àwọn obìnrin sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin 3,400,000 ti ọdún 2018 sí 2019, bí wọ́n ti pọ̀ tó, kò tíì tó iye àwọn ọmọkùnrin tí ó ti ń ṣeré ní ọdún 1971, kí òfin náà tó dé.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ni pé gbólóhùn rere kò tó. Òfin tí ó dára lè wọ inú ìwé kí ó sì sùn síbẹ̀, bí kò bá sí ẹni tí yóò jókòó sínú ìgbìmọ̀ tí kò gbajúmọ̀, tí yóò ka ìwé ìnáwó ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì mọ ibi tí ọ̀tá há ọ̀bẹ sí. Ìbò kan ni ó tó láti ba iṣẹ́ ọdún púpọ̀ jẹ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ojú kan náà ni àwọn aṣòfin wọ̀nyí fi ṣọ́ òfin wọn, tí àwọn ọmọbìnrin fi rí pápá sáré.